Ṣé ká máa jẹ gbèsè torí ìlera, àbí ká fi ìlera sílẹ̀ torí gbèsè?

Òǹkàwé_Òwúrọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí wọ́n bá bi aráàlú pé ṣé kí ìjọba fi kún owó tó ń ná sórí ìlera, èyí tó pọ̀ jù á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá bi àwọn kan náà pé ṣé gbèsè orílẹ̀-èdè ti pọ̀ jù, wọ́n á tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n bá wá béèrè pé ta ni kó san owó orí púpọ̀ sí i, ohùn ò ní ṣọ̀kan mọ́.

UNCTAD, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí òwò àti ìdàgbàsókè, gbé ìròyìn jáde ní 2025 pé ènìyàn bílíọ̀nù 3.4 ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tí ìjọba ń san fún èlé gbèsè ti ju èyí tó ń ná sórí ìlera tàbí ètò ẹ̀kọ́ lọ. Èlé nìkan o, a ò tíì kan ojú owó.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: owó ìlera tí ìjọba kọ̀ láti ná kì í ṣe owó tó fi pamọ́. Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló máa ná an. Bí wọn ò bá ní in, wọ́n á yá a. Gbèsè yẹn ò parẹ́, ó kúrò nínú ìwé ìjọba ó bọ́ sọ́rùn onílé. Kí lẹ ti rí i sí?

Olùṣírò

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e kalẹ̀, àmọ́ mi ò bá yín dé ibi tí ẹ parí rẹ̀ sí. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ẹni tó yáni lówó kì í béèrè bóyá ohun rere la fi í ṣe. Tí ọjọ́ bá pé, á gba tirẹ̀.

Ẹ wo ilẹ̀ Gíríìsì. Ní 2010, kò sẹ́ni tó fẹ́ yá ìjọba ibẹ̀ lówó ní èlé tó ṣeé san mọ́. Nínú àdéhùn tí wọ́n fi rí ìrànwọ́ gbà, wọ́n ní owó tí ìjọba ń ná sórí ìlera kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sì pàdánù adójútòfò. Gbèsè tí wọ́n jẹ láìro ẹ̀yìn rẹ̀ ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìlera gan-an, ó yẹ kó bẹ̀rù gbèsè ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ̀gbọ́n Olùṣírò, ẹ jẹ́ ká ka ọ̀rọ̀ Gíríìsì yẹn dé òpin. Ní 2011, iye àwọn tó ń kó kòkòrò HIV láàárín àwọn tó ń gún oògùn olóró sára ní Athens ròkè lójijì. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé abẹ́rẹ́ mímọ́ tí wọ́n ń pín fún wọn kò kárí rárá. Ọdún yẹn kan náà ni ibà tí ẹ̀fọn ń fà tún ràn ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá kó HIV, oògùn títí ayé ni. Ṣé abẹ́rẹ́ ló wá wọ́n jù, àbí oògùn ọgbọ̀n ọdún?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára oògùn tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, kóró kan lójúmọ́ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá ń tán lọ tí kò sówó, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí méjì kó lè pẹ́. Wọ́n ti gbé páálí oògùn kan wá bá mi rí tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé gbogbo kóró inú rẹ̀ sí ìdajì, wọ́n wá fi bébà wé e ní méjì méjì kó má bàa rún. Ọmọ aláìsàn ló kó o wá kí n lè mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń lò. Ìyá náà ò lè dá mi lóhùn fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú.

Àwọn mìíràn nínú wọn, kíndìnrín ló máa ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ibì kan láyé tí ìyẹn ò ti wọ́n gan-an. Ẹni tó gé owó oògùn olówó pọ́ọ́kú kúrò nínú àbá ìṣúná, ó ti kọ ìwé owó ńlá sílẹ̀ de ọdún mẹ́wàá sí i.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ta gan-an ni àwọn ìjọba wọ̀nyí ń jẹ lówó? Gbogbo ayé ló ní gbèsè, ta wá ni olówó?

Olùṣírò

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè yín yẹn ló yẹ kó ṣíwájú gbogbo ìjíròrò yìí.

Ìjọba máa ń ta ìwé gbèsè. Àwọn tó ń rà á ni báńkì, ilé iṣẹ́ adójútòfò, àpò owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè, nígbà míì báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá ń dá owó ìfẹ̀yìntì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun náà wà lára àwọn tí ìjọba jẹ ní gbèsè láìmọ̀.

Japan ni ẹ kọ́kọ́ wò. Gbèsè ìjọba ibẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún lọ, bẹ́ẹ̀ láti 1961 ni gbogbo aráàlú ti wà lábẹ́ adójútòfò ìlera. Kò tíì dà wó, nítorí àwọn ará Japan àti báńkì àpapọ̀ wọn ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé gbèsè náà, owó yẹ́ẹ̀nì tiwọn ni wọ́n sì fi jẹ ẹ́. Ẹ wá wo Gánà. Gbèsè rẹ̀ kéré sí ti Japan jìnnà tí a bá fi wé ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń pèsè, àmọ́ ní oṣù Kejìlá 2022 ó kéde pé òun dá sísan èyí tó pọ̀ nínú gbèsè ilẹ̀ òkèèrè dúró. Dọ́là ló fi jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí owó ìlú bá já wálẹ̀, gbèsè dọ́là á wú lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ pé wọ́n yá kọ́bọ̀ kún un.

Torí náà, bí a bá ń sọ pé gbèsè pọ̀, iye rẹ̀ nìkan ò tó. Ẹ béèrè irú owó tí wọ́n fi jẹ ẹ́, lọ́wọ́ ta ni, ní èlé mélòó, àti ìgbà tí wọ́n máa san án.

Ìyá_Ìbejì

Ó yé mi wàyí. Ẹ ṣeun, sà.

Àjò_Dùn

Amẹ́ríkà ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un. Ní 2023, owó tí wọ́n ná sórí ìlera níbí, ti ìjọba àti ti aládàáni pọ̀, jẹ́ ìdá 17.6 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè. Kò sí orílẹ̀-èdè ńlá mìíràn tó ń ná tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ni kò ní adójútòfò kankan. Gbèsè ìjọba àpapọ̀ kọjá tírílíọ̀nù 36 dọ́là ní oṣù Kọkànlá 2024, èlé tí wọ́n sì san lọ́dún ìṣúná yẹn ju owó tí wọ́n ná sórí ọmọ ogun lọ.

Ní oṣù Keje 2025, wọ́n fọwọ́ sí òfin ńlá kan tó gé owó Medicaid, ìyẹn ètò ìlera àwọn tí ọwọ́ wọn ò tó. Ọ́fíìsì ìṣúná ilé aṣòfin, CBO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 10 sí i ló máa wà láìní adójútòfò nígbà tó bá fi máa di 2034. Ẹ ó rò pé gbèsè á dínkù nìyẹn. Ọ́fíìsì kan náà ló ṣírò rẹ̀ pé òfin náà máa fi tírílíọ̀nù 3.4 dọ́là kún àìtó owó ìjọba láàárín ọdún mẹ́wàá, nítorí ó dín owó orí kù ju iye tí wọ́n gé lọ.

Ìdí nìyẹn tí ara mi ò fi gbà á mọ́ bí olóṣèlú bá ní torí gbèsè lòun ṣe ń gé owó ìlera. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣe sí owó orí nínú ìwé kan náà.

Olùkọ́_Ìṣirò

Àjò_Dùn, ẹ tún rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òfin ìlera ti 2010 níbẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, bí wọ́n bá fi orúkọ Obama bi àwọn èèyàn léèrè nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá wá ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé ilé iṣẹ́ adójútòfò ò gbọdọ̀ lé ẹni tó ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀ padà, pé ọmọ lè wà lórí adójútòfò òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 26, èyí tó pọ̀ jù á ní àwọn fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n sì gbìyànjú láti fagi lé e ní 2017, àwọn aráàlú kún gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn aṣòfin wọn, wọ́n ní kò sáyè.

Bí a ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ń darí ìdáhùn rẹ̀. «Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba náwó sí i?» kì í ṣe ìbéèrè tó péye. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èrò aráàlú, kó gbé iye tó máa ná wọn sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n máa rí gbà, kó wá jẹ́ kí wọ́n yàn.

Baba_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ Bìrìtìkó lèmi fẹ́ mú wá. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní NHS. Ẹ wo àsìkò náà. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Gbèsè tí ogun fi sílẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún. Oúnjẹ ṣì wà lórí ìwọ̀n, wọ́n ń fi ìwé pín in fún aráàlú. Tó bá jẹ́ torí gbèsè ni, kò yẹ kí wọ́n dábàá rẹ̀ rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbèsè náà sì ń relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a bá fi wé ohun tí wọ́n ń pèsè, tó fi jẹ́ pé ní àárín àwọn ọdún 1970 kò ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ mọ́. Iṣẹ́ ń lọ, ọ̀nà ìgbésí ayé ń dára sí i, owó orí ń wọlé, ọ̀wọ́n gógó ọjà náà sì ń jẹ gbèsè náà.

Olùṣírò

Baba, ẹ kú ìrántí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kún un. Iye tí wọ́n ná kọjá iye tí wọ́n ṣírò láti ọdún àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń jẹun láìléyín fún ọdún pípẹ́ tú jáde, wọ́n ní kí wọ́n ṣe eyín fún àwọn. Àwọn tí ojú ń dùn wá gba awò. Ní 1951, ìjọba ní kí aláìsàn máa dá lára owó eyín àti awò, ogun Kòríà sì wà lára ohun tó fà á. Aneurin Bevan tó gbé ètò náà kalẹ̀ kọ̀wé fipò mínísítà sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé àìní tó ti wà nílẹ̀ kì í hàn nínú ìwé títí dìgbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí. Ẹni tó bá máa ṣí i, kó ti mọ ibi tí owó ọdún karùn-ún máa ti wá.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, eyín tí wọn ò ní yẹn, kí ìjọba tó sanwó rẹ̀ ni wọn ò ti ní in. Ìwé nìkan ni kò fi hàn.

Ọmọ_Ìkẹyìn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ṣì kéré. Àwa la máa san gbèsè yìí, àwọn tó pọ̀ nínú wa ò sì tíì lè dìbò nígbà tí wọ́n yá a. Baba wa sọ̀rọ̀ Bìrìtìkó. Àkókò yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ju àwọn arúgbó lọ fíìfíì. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ báyìí, àwọn arúgbó ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sanwó orí ò sì pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀.

Ìlérí ìjọba máa ń dàgbà ju ẹni tó ṣe é lọ. Ní 1972, Amẹ́ríkà ṣòfin pé Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, á máa sanwó fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, kódà bí kò tíì pé ọdún 65. Nígbà yẹn wọ́n rò pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún mélòó kan ni. Lónìí, àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ níbẹ̀ ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Mi ò ní kí wọ́n pa wọ́n tì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìran kan ló ṣèlérí, ìran mìíràn ló ń gba ìwé owó.

Tí gbèsè bá jẹ́ torí ohun tí èmi náà máa jẹ àǹfààní rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Àrùn ṣànpọ̀nná ńkọ́? Ní 1980 ni àjọ WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé. Mi ò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ rí, kò sì sí ìjọba tó tún ń ra abẹ́rẹ́ náà fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí. Bó bá jẹ́ gbèsè ni wọ́n jẹ láti fi ṣe é, mo máa fi tayọ̀tayọ̀ san tèmi.

Baba_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o ò ṣìwí. Ara mi ló mọ̀ pé ọdún tí mo bá lò láyé ń náwó. Àmọ́ àwa náà sanwó orí fún ìtọ́jú àwọn tó bí wa, a ò sì kà á sí gbèsè tí wọ́n dì rù wá.

Òǹkàwé_Òwúrọ̀

Ọmọ_Ìkẹyìn, ibi tí o dé yẹn lèmi náà ń lọ, ṣùgbọ́n kóko kan wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣúná máa ń sọ pé kí á yáwó kọ́lé, kí á má yáwó san owó oṣù. Bí a bá gbé òfin yẹn lé ìlera lórí, ọsibítù ńlá lá máa dìde níbi gbogbo láìsí nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Ilé rọrùn láti yáwó fún, ó sì ṣeé ya fọ́tò. Owó oṣù agbẹ̀bí kò ṣeé ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ agbẹ̀bí tó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń da lára abiyamọ, òun ni ìtọ́jú náà gan-an.

Ní oṣù Kẹrin 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí pé ó kéré tán àwọn á máa ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àbá ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Ó ti lé ní ogún ọdún. Àwọn tó ń dé ibẹ̀ lọ́dún kan kò pọ̀, àwọn tó dé ibẹ̀ tí wọ́n sì dúró síbẹ̀ tún kéré sí i. Èlé gbèsè ní tirẹ̀ ń gba ìpín tiẹ̀ lọ́dọọdún láìyẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n jẹ lówó ní agbẹjọ́rò. Aláìsàn ò ní.

Àjò_Dùn

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn wọ̀ mí lára.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí owó ti lè wá láìyá a. Thailand kó sínú wàhálà owó ńlá ní 1997. Ní 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó orí ọtí àti tábà, wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún dídènà àìsàn. Ní 2002, wọ́n fi òfin gbé ètò ìtọ́jú gbogbo aráàlú kalẹ̀, tí aláìsàn kàn ń san 30 baht, owó ilẹ̀ wọn, lẹ́ẹ̀kan tó bá wá. Wọn ò dúró dìgbà tí wọ́n máa là kí wọ́n tó ṣe é. Owó orí tábà dára fún ohun méjì: owó ń wọlé, àwọn tó ń mu ún sì ń dínkù.

Gánà náà ṣòfin ní 2003 pé kí wọ́n máa yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà àti iṣẹ́ fún adójútòfò ìlera. Aráàlú mọ orúkọ owó náà, ó wà lórí rìsíìtì wọn. Ní 2017, ìjọba ṣòfin mìíràn tó fi òpin sí iye tí àwọn àpò owó bẹ́ẹ̀ lè rí gbà, èyí tó ṣẹ́kù sì bọ́ sínú àpò gbogbogbòò. Ó di 2025 kí wọ́n tó yọ òpin náà kúrò lórí owó ìlera. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni aráàlú fi ń san owó tí wọ́n pè ní ti ìlera, tí gbogbo rẹ̀ ò sì dé ọ̀dọ̀ ìlera.

Ìyá_Ìbejì

Èmi ò lọ sílé ìwé ìṣirò, mo máa dáhùn ìbéèrè tí Olùkọ́ ní kí wọ́n bi wá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa san kún owó orí mi. Ohun tó ń jẹ́ kí a sọ pé a ò san kì í ṣe ahun. A ti sanwó rí, a ò sì rí ohun tí wọ́n fi í ṣe. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ilé ìwòsàn: oògùn tó yẹ kó wà níbí lóṣù yìí rèé, èyí tó dé rèé, orúkọ ẹni tó gbà á rèé. Kì í ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ara ògiri, ní èdè tí a gbọ́. Bí mo bá débẹ̀ tí wọ́n ní oògùn ti tán, kí n lè na ọwọ́ sí i pé ẹ ẹ̀ rí i níbí pé ó dé.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Mo fọwọ́ sí i, Mọ̀mí. Á gba àwa òṣìṣẹ́ pàápàá lọ́wọ́ èébú, torí àwa ni wọ́n máa ń rò pé a kó oògùn náà lọ.

Olùṣírò

Mo lè fọwọ́ sí ti Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá gba kí n fi ohun kan kún ògiri náà: iye tí wọ́n yá nínú owó náà, àti ọdún tí wọ́n máa san án tán. Ẹni tó ń gba oògùn lọ́wọ́ ọ̀tún, kó máa rí gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ òsì.

Òǹkàwé_Òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Kí wọ́n wá kọ ẹ̀kẹta sí i: iye tí àwọn ẹbí san látinú àpò ara wọn lọ́dún tó kọjá. Àjọ WHO àti Báńkì Àgbáyé sọ ní 2023 pé nǹkan bí ènìyàn bílíọ̀nù 2 ni owó ìtọ́jú ń kó sínú ìnira. Gbèsè tiwọn kò sí nínú ìwé ìṣúná orílẹ̀-èdè kankan. Bí a bá máa ṣírò gbèsè, ẹ jẹ́ ká ṣírò gbogbo rẹ̀.

Olùṣírò

Ìyẹn ò burú. Ta ló máa kà á jọ?

Olùkọ́_Ìṣirò

Àwọn iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba máa ń lọ láti ilé dé ilé béèrè ohun tí wọ́n ná sórí oúnjẹ, ilé àti ìtọ́jú. Ìbéèrè náà ti wà nínú ìwé wọn. Ẹni tó ń ṣètò ìṣúná ni kò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gbèsè ìjọba lójú ewé kan náà. Mo máa kọ àpẹẹrẹ bí ojú ewé bẹ́ẹ̀ á ṣe rí, n ó gbé e síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Olùṣírò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo apá gbèsè.

Olùṣírò

Ẹ fi ránṣẹ́.